Àkáǹtì àti Ọ̀rọ̀ Aṣínà Lórí Sáfà Dátábéèsì

Sáfà dátábéèsì ni kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà: èsì ìdánwò, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, káàdì aláìsàn. Àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ló ń pinnu ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ àti ohun tó lè fọwọ́ kàn. Ní ilẹ̀ Yewa, ọ̀rọ̀ náà kan Federal Polytechnic Ìlaro, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979, ó kan ọgbà Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ayétòrò, ó sì kan gbogbo ọ́fíìsì tó ti ń kó fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá ti gba Ìdìrókò lọ sí Kútọnu rí mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló wà lẹ́nu bodè. Àwọn ìmígíréṣọ̀n fẹ́ mọ ẹni tí o jẹ́; àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ mọ ohun tí o gbé. Bẹ́ẹ̀ ni sáfà ṣe ń ṣe. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà dá ẹni tó dé mọ̀, lẹ́yìn náà ló wo àṣẹ tó wà lórúkọ onítọ̀hún. Ìkejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, ti ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà lórí CTSS, ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín kọ̀ǹpútà kan lò. Inú fáìlì kan ni wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí láìbò. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, tẹ fáìlì náà jáde nítorí pé ó fẹ́ àfikún àkókò lórí ẹ̀rọ. Ní 1979, ọdún kan náà tí polí Ìlaro bẹ̀rẹ̀, Robert Morris àti Ken Thompson ṣàlàyé bí ètò kọ̀ǹpútà Unix ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà: ọ̀rọ̀ náà á yí padà di àmì tí kò ṣeé tú padà, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i, ìyẹn àfikún tó yàtọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ ènìyàn méjì má baà jọra nínú fáìlì. Ìlànà yìí ló ṣì wà nídìí àwọn ètò dátábéèsì òde òní bíi PostgreSQL àti MySQL.

Ní ti àṣẹ, ká ní akọ̀wé kan fẹ́ máa fi máàkì sínú àkójọ èsì lórí MySQL. Alábòójútó á kọ báyìí:

CREATE USER 'akowe1'@'localhost' IDENTIFIED BY '…';
GRANT SELECT, INSERT ON esi.* TO 'akowe1'@'localhost';

Akọ̀wé yìí lè ka èsì, ó sì lè fi tuntun sí i. Kò ní UPDATE, kò ní DELETE; máàkì tó ti wọlé kò ṣeé yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń wọlé tún jẹ́ ara orúkọ rẹ̀ ní MySQL: 'akowe1'@'localhost' (láti orí sáfà fúnra rẹ̀) àti 'akowe1'@'%' (láti ibikíbi) jẹ́ àkáǹtì méjì. Ní PostgreSQL, fáìlì pg_hba.conf ló ń bójú tó ibi tí ènìyàn lè gbà wọlé.

Root, àkáǹtì tó lágbára lórí ohun gbogbo, ló léwu jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi XAMPP, ètò tó ń sọ láptọ́ọ̀pù di sáfà, kọ́ṣẹ́, root inú rẹ̀ kì í sì í ní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Kò burú lórí láptọ́ọ̀pù ẹni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìparun ni: ní January 2017, àwọn ọ̀daràn nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tí wọ́n fi sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n sì ń béèrè bitcoin lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Èyí tó tún burú ni kí òṣìṣẹ́ márùn-ún máa lo root kan ṣoṣo. Bí máàkì bá yí padà lóru, root nìkan ni àkọsílẹ̀ á dárúkọ. Kálukú ló yẹ kó ní tirẹ̀. Áàpù kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa pẹ̀lú ACCOUNT LOCK.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń tọ́jú dátà aráàlú dáàbò bò ó. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí, kó sì ṣàlàyé irú jàǹbá tó ṣẹlẹ̀.