Aṣáà Ẹnu àti Tábà Bàhíà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé imú nìkan ni aṣáà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan ń fín in sí imú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà, pàápàá àwọn ìyá wa, orí ahọ́n tàbí abẹ́ ètè ni wọ́n ń bù ú sí, tí wọn a sì máa tu itọ́ rẹ̀ dànù. Ewé tábà gbígbẹ ni a ń lọ̀ kúnná pẹ̀lú káún. Káún yìí ni ó ń jẹ́ kí nikotíìnì, oró inú tábà, tètè gba ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oró náà ni kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ó ti mọ́ lára lè fi í sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pò wọ́n pọ̀ kò ka ìwé kẹ́místírì. Ahọ́n wọn ni ó kọ́ wọn.

Káún ń ti òkè ọya wá, láti agbègbè adágún Chad. Tábà ní tirẹ̀, ewéko ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn àgbẹ̀ àti ẹrú wọn ni ó ń gbìn ín. Ewé tí ó dára ń lọ sí Lisbon. Àṣàkù, ewé ìpele kẹta tí Lisbon kò fẹ́, ni ìjọba Potogí yọ̀ǹda kí a kó wá sí etíkun wa. Wọ́n a lọ́ ọ bí okùn, wọ́n a sì fi omi ìrèké dídì pa á lára. Àṣàkù aládùn yìí gan-an ni àwọn oníbàárà ní Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó wá yàn láàyò! Àwọn ará Họ́lándì, tí wọ́n gba Elmina ní 1637, a máa gba ìdámẹ́wàá tábà lọ́wọ́ ọkọ̀ Bàhíà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá lọ ṣòwò.

Ènìyàn ni a fi ń san owó tábà náà.

Àwọn òpìtàn wa a máa ka ìbọn àti ọtí. Tábà kì í sábà bọ́ sí wọn lẹ́nu. Pierre Verger, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1968, fi hàn pé tábà yìí ni ó so Bàhíà mọ́ etíkun wa, tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó fi pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin 1850 fòpin sí kíkó ẹrú wọ Bùràsíìlì. Síbẹ̀, ọkọ̀ Bàhíà ṣì ń já tábà sí Èkó. Epo pupa, aṣọ òfì, àti obì tí àwọn Nàgó fi ń bọ òrìṣà ni wọ́n wá ń rù padà.