Bọ́tìnnì SXM inú ọkọ̀ tòkunbọ̀: ṣé ó yẹ kéèyàn náwó lé e?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ló ní bọ́tìnnì kan lára rédíò wọn tí wọ́n kọ SAT tàbí SXM sí. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, rédíò á kàn máa wá sígínà títí ni. Àwọn onímọ́tò míì á ti gbé e tọ ẹni tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ lọ, pé kó bá àwọn wo ohun tó já. Kò sí ohun tó já.

Rédíò sátẹ́láìtì ti ilé iṣẹ́ SiriusXM ni bọ́tìnnì yẹn wà fún. Ilé iṣẹ́ méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀: XM bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, Sirius lọ́dún 2002, wọ́n wá da pọ̀ lọ́dún 2008. Sátẹ́láìtì wọn fi kìlómítà tó lé ní 35,000 jìnnà sí ilẹ̀, àmọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Kò dé Èkó, kò dé Ìbàdàn, kò dé Kútọnu. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kí òun bá yín ṣí i nílẹ̀ yìí, owó yín ló fẹ́ jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú àǹtẹ́nà tó dà bí lẹbẹ ẹja lórí ọkọ̀ dànù o, torí nínú ọkọ̀ míì, òun náà ló ń gba FM.

Áfíríkà ti ní tirẹ̀ rí. Noah Samara, tí wọ́n bí ní Ethiopia, ló dá WorldSpace sílẹ̀, sátẹ́láìtì wọn, AfriStar, sì gòkè lóṣù kẹwàá ọdún 1998. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti SW lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó kò pọ̀ tó. Gbèsè bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó sì gba kóòtù lọ lóṣù kẹwàá ọdún 2008. Nígbà tó kógbá wọlé, rédíò táwọn èèyàn fowó gidi rà kò wúlò fún sátẹ́láìtì mọ́, nítorí kò gba ti sátẹ́láìtì ẹlòmíì.

Fún ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí FM ń já mọ́ ọn lẹ́nu lójú ọ̀nà, tí fóònù náà kì í ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbòmíì, á jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ibi iṣẹ́ ni tirẹ̀ láàárín ìlú, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Kó tiẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, ohùn lè dákẹ́.

Ibi tó ti ń dunni jù ni owó. Ọkọ̀ tuntun sábà máa ń ní oṣù mélòó kan ọ̀fẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀. Tí ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, owó á máa jáde fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n sì fi fa ojú yín mọ́ra kọ́ ni ẹ ó máa san títí. Ẹni tó bá pè pé òun fẹ́ fi í sílẹ̀, wọ́n sábà máa ń dín in kù fún un. Ẹ tẹ ìkànnì 0 kí ẹ tó pè, nọ́ńbà rédíò yín á hàn níbẹ̀, torí wọ́n á bèèrè rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìròyìn ilé lédè Yorùbá lẹ fẹ́ gbọ́ nínú ọkọ̀, fóònù àti Bluetooth ti tó. Tí rédíò bá ń wọlé ní 64 kbps lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí kan kò jẹ ju bíi 29 MB dátà lọ. Ọkọ̀ tí kò bá ní Bluetooth lè lo wáyà AUX.