Alùpùpù àti Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Ni Ín: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Láti Ilé

Orúkọ tí Yorùbá fún alùpùpù kò ti inú ìwé wá. Ìró ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: pù-pù-pù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ fi etí sí irin, etí yìí gan-an sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú alùpùpù fúnra rẹ̀ nílò. Ìgbà kan wà tí kò sí ẹni tí ó lè gun alùpùpù láìmọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà náà ti kọjá. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ àti àìbìkítà ni ó fà á, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ní ọdún 1885, ní ilẹ̀ Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach so ẹ́ńjìnì tí ń jẹ epo bẹntiróòlù mọ́ férémù onígi. Ní ọdún 1894, ilé iṣẹ́ Hildebrand & Wolfmüller bẹ̀rẹ̀ sí í ta alùpùpù fún ará ìlú, nílẹ̀ Jámánì kan náà. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù kò ní ọ̀nà tí ọ́ìlì fi lè máa yí po fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gun ẹ̀rọ ni ó ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré kan lára táńkì, bí ó ti ń sáré lọ lójú ọ̀nà, láti ti ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì. Bí ó bá gbàgbé, irin yóò gbẹ, pístìnì yóò sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, èéfín yóò bo gbogbo ọ̀nà. Ọ́ìlì náà kì í padà síbi tí ó ti wá. Èyí tí kò bá jóná a kán sílẹ̀. Nítorí náà, olùgùn àti olùtọ́jú jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó lè ní, “Mẹkáníìkì yóò bá mi wò ó lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.”

Nígbà tí alùpùpù dé ilẹ̀ Yorùbá ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, nǹkan ọlá ni. BSA àti Triumph láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Vespa láti ilẹ̀ Ítálì dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn àlùfáà àti àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ó ń gùn ún, ìjọba a sì máa yá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó láti fi rà á, kí ó máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù. Ohun kan wà tí àwọn òǹkọ̀tàn kì í sábà mẹ́nu bà: àpò irinṣẹ́ kékeré tí ń bá alùpùpù wá láti ilé iṣẹ́. Sípánà méjì tàbí mẹ́ta, irin tí a fi ń tú plọ́ọ̀gì, àti ìwé ìtọ́nisọ́nà. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gbà pé ẹni tí ó rà á ni yóò tú u, tí yóò sì dì í padà.

Owó epo rọ̀bì yí iye àwọn tí ó ní alùpùpù padà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Údójì gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí àfikún owó náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1975, ọ̀pọ̀ fi ra rédíò, ọ̀pọ̀ fi ra alùpùpù. Honda, Suzuki àti Yamaha láti Japan ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1979, Honda dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó ni alùpùpù náà ni ó sábà máa ń gùn ún. Òun ni ó ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé ní àgbàlá, tí àwọn ọmọ ń bá a di sípánà mú.

Àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ yí. Gabriel Igbinedion dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú sílẹ̀ ní 1983, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, pè é. Àwọn aráàlú fi àwàdà gbé orúkọ bàálù náà fún alùpùpù tí ń fi owó gbé èrò, nítorí pé òun náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 ba agbára náírà jẹ́, ó sì lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ tuntun wọ́n. Alùpùpù wá di iṣẹ́ òòjọ́. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹnubodè, ní Kutọnu àti Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn tirẹ̀ ní zémidjan.

Ibí yìí ni ọwọ́ ti kúrò lára irin. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà, ẹni tí ó ni alùpùpù kọ́ ni ó ń gùn ún. Olówó rà á, ó gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ kó iye kan fún un lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi san án tán. Wákàtí tí ó bá lò lórí ìtọ́jú jẹ́ wákàtí tí kò gbé èrò. Ọ́ìlì tuntun lónìí ni owó oúnjẹ lónìí. Àǹfààní ìtọ́jú ń bọ̀ lóṣù mẹ́fà òní, nígbà tí ẹ̀rọ lè ti padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sún ọ́ìlì síwájú kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ètò náà ni kò fún un ní àyè.

Bí ọlọ́kadà ti ń pọ̀ sí i ni àgọ́ mẹkáníìkì ń pọ̀ sí i lábẹ́ igi káàkiri ìlú. Kò yẹ kí a fojú kéré wọn. Ọmọṣẹ́ a lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba òmìnira, ẹ̀rọ kò sì lójú tí kò lè fi ọwọ́ mọ̀. Láti ẹnu wọn ni plọ́ọ̀gì, ṣéènì, kílọ́ọ̀ṣì àti kábúrétọ̀ ti wọ èdè Yorùbá, láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ilé ẹ̀kọ́ ìbá ti ran wọn lọ́wọ́. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ti fi Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sínú iṣẹ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ìjọba sì ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú páálí ni àwọn ẹ̀rọ náà jókòó sí títí wọ́n fi dípẹtà, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tí yóò lò wọ́n.

Àwọn tí ó ń ṣe alùpùpù ní Japan kíyè sí ohun tí ń lọ nílẹ̀ òkèèrè. Nínú ẹ̀rọ Honda kan tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀, orí ẹ́ńjìnì lókè ni ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù wà, ibi tí ọ́ìlì ń pẹ́ kí ó tó dé. Bí ọ́ìlì bá dínkù tàbí tí ó bá dọ̀tí, ọ̀pá yìí ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, àwọn ènìyàn ń gun alùpùpù títí yóò fi kú kí wọ́n tó tú u. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé CG125 jáde ní 1976, wọ́n sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ́ìlì, wọ́n sì fi páànù bo gbogbo ṣéènì kí eruku má bà á. CG125 yìí kan náà ni alùpùpù àkọ́kọ́ tí Honda ṣe ní Manaus, ní Brazil, lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Ṣáínà ṣe àdàkọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ láìlóǹkà, ọ̀pọ̀ wọn sì dé Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ tí ó lè fara da àìtọ́jú ni wọ́n fi dá àìrójú àwọn tálákà lóhùn. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti gbàgbé ọ́ìlì nítorí pé CG kò bá a jà, nígbà tí ó bá bọ́ sórí Bajaj Boxer tí ó ti Íńdíà wá, orí ẹ́ńjìnì ni ọ̀pá fáàfù tún padà sí. Àṣà àtijọ́ ni ó fi ń gun ẹ̀rọ tuntun, tí ẹ́ńjìnì bá sì wá nọ́ọ̀kì, yóò ní ayé ni ó ń ṣe òun. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bọ Ògún. Ṣùgbọ́n epo pupa tí a ta sílẹ̀ fún Ògún kò dé inú ẹ́ńjìnì.

Iṣẹ́ tí a lè ṣe nílé kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù rẹ̀ ti pọ̀ lọ́kàn ènìyàn. Ọ́ìlì ni olórí. A ó tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó pa á, a ó tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, a ó jẹ́ kí ó ro tán sínú abọ́. Nǹkan bíi lítà kan ni púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí ń gbà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà yóò sọ iye náà gan-an. Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń pín lò, nítorí náà ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Èyí tí a kọ JASO MA sí lára ni ti alùpùpù. Ọ́ìlì tí a tú jáde kò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀bá kànga, kò sì dára fún ṣéènì bí àwọn kan ti ń lò ó, nítorí eérú irin wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ ṣéènì bí iyanrìn.

Ṣéènì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n. Bí ó bá le jù, yóò já tàbí kí ó ba béárìn jẹ́. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò yọ lórí eré. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó yẹ kí àárín rẹ̀ lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti kú kí ọwọ́ tó kàn án: ṣéènì tí ń yí a máa gé ìka.

Plọ́ọ̀gì ni ó dùn jù láti wò, nítorí ó ń sọ̀rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí fọ́ómù tí ń sẹ́ eruku; kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ. Bí ó bá funfun, ẹ́ńjìnì ń gbóná jù. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni à ń fẹ́. Ti fáàfù ni ó ṣòro: àlàfo ti CG125 kò ju 0.08 mílímítà lọ, ìyẹn bí irun orí kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ẹni tí kò ní irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn ọ́n, kí ó gbé e fún mẹkáníìkì láìtijú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíréèkì tí kò bá dá a lójú.

Ní Èkó, òfin ti lé ọlọ́kadà kúrò ní ọ̀nà púpọ̀, ní 2012, ní 2020 àti ní 2022. Ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé Yorùbá, òun ni ó ṣì ń gbé aboyún dé ilé ìwòsàn tí ó sì ń kó iṣu dé ọjà. Àpò irinṣẹ́ náà ṣì ń bá alùpùpù tuntun wá láti ilé iṣẹ́. Lábẹ́ àga ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, àkísà kan àti náílọ́ọ̀nù tí a fi ń bo orí nígbà òjò ni ó wà ní àyè rẹ̀.