Ọkọ̀ Tí Ń Mu Ọtí: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Epo Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Bùràsíìlì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì fi epo rọ̀bì ṣe ohun ìjà. Nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀, iye owó àgbá epo kan ti kúrò ní nǹkan bí dọ́là 3, ó ti sún mọ́ dọ́là 12. Ọ̀nà méjì ni ìròyìn yìí gbà wọ etí aráyé. Ní Nàìjíríà, ayọ̀ ni. Owó ń ya wọlé bí omi òjò, ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí sì di ọlọ́kọ̀. Ní Bùràsíìlì, ẹkún ni. Nínú àgbá epo 10 tí wọ́n ń lò níbẹ̀, nǹkan bí 8 ni wọ́n ń rà wá láti òkè òkun.

Ohun tí Bùràsíìlì ní lọ́pọ̀ yanturu ni ìrèké. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí ti ń gbìn ín níbẹ̀, ẹrú Adúláwọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìtàn ìrèké yìí kò ṣe àjèjì sí ìran Yorùbá, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ogun kó nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú ni wọ́n tà sí Bahia, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lo agbára wọn sí. Bí àwọn ará ilé ti ń se ẹmu tí ó ti kan, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀ kí ó tutù di ògógóró, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń se oje ìrèké di ọtí líle tí wọ́n ń pè ní kaṣásà. Ọtí yìí kan náà, bí a bá túbọ̀ yọ omi inú rẹ̀ kúrò, ni ó ń di epo ọkọ̀. Ẹtánọ̀ọ̀lù ni àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń pè é.

Kì í ṣe ọdún 1975 ni èrò náà kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ní ọdún 1927, ilé iṣẹ́ ìrèké kan ní Serra Grande ní ìpínlẹ̀ Alagoas ti ń ta epo ọlọ́tí tí wọ́n pè ní Usga. Ní ọdún 1931, ìjọba Getúlio Vargas pa á láṣẹ pé kí a po ọtí ìdá 5 nínú 100 mọ́ bẹntiróòlù tí a bá rà wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Ààrẹ Ernesto Geisel fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá ètò Proálcool sílẹ̀. Àpòpọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ń ronú ọkọ̀ tí kò ní mu nǹkan mìíràn bí kò ṣe ọtí.

Ẹni tí ó ṣe wàhálà jù lórí èyí ni ẹnjiníà Urbano Ernesto Stumpf, ní ilé ìwádìí àwọn ológun òfuurufú ní São José dos Campos. Ní ọdún 1976, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rán ọkọ̀ mẹ́ta jáde láti yí ilẹ̀ Bùràsíìlì ká: Dodge kan, Gurgel kan, àti Volkswagen irú èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní ìjàpá. Wọ́n rin nǹkan bí kìlómítà 8,000, ọtí nìkan ni wọ́n sì mu. Ìrìn àjò náà fi han gbogbo ènìyàn pé ọtí lè gbé ọkọ̀ rìn. Ohun tí kò lè fi hàn ni bí inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Ọtí àti omi jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Bẹntiróòlù kì í gba omi mọ́ra, bí omi bá bọ́ sí i, yóò rì sí ìsàlẹ̀ táǹkì ni. Ṣùgbọ́n ọtí a máa fa omi mọ́ra, kódà láti inú afẹ́fẹ́, a kò sì ní fi ojú rí i. Èyí tí àwọn ará Bùràsíìlì ń rà ní ilé epo pàápàá ti ní omi tí ó tó lítà 5 nínú lítà 100 kí ó tó kúrò níbi tí a ti ṣe é. Nígbà náà, táǹkì ọkọ̀ oníbẹntiróòlù jẹ́ irin tí a fi òjé àti tánganran bò, ọtí sì ń jẹ ìbora yìí, ìdógùn-ún á sì bẹ̀rẹ̀. Kábúrétọ̀ jẹ́ àdàlù tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọtí olómi á bù ú jẹ, ohun funfun bí ẹfun á hù nínú rẹ̀, yóò sì dí àwọn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Àwọn rọ́bà inú póǹpù àti ti páìpù epo á wú tàbí kí wọ́n le, kí wọ́n sì sán.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà tí ó ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì. Bẹntiróòlù a máa fi èérí àti oje dídì sílẹ̀ lára táǹkì bí ọdún ti ń gorí ọdún, kò sì sí ẹni tí ó ń bìkítà fún un. Ọjọ́ tí ọtí bá dé inú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, gbogbo èérí náà á sì gba inú páìpù lọ sí asẹ́ epo, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà. Ọkọ̀ tí ó jáde nílé ní àlàáfíà á dákú lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọtí náà kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwẹ̀ ni ọtí wẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń gbẹ́ epo àtijọ́ kúrò, tí ó ń fọ táǹkì kí ó tó yí ọkọ̀ padà, tí ó sì tún ń pààrọ̀ fílítà láìpẹ́ lẹ́yìn tí ọtí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Kìlógíráàmù bẹntiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 15 kí ó tó jó tán, ti ọtí kò ju 9 lọ. Nítorí náà ihò kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i kí epo tí ó pọ̀ sí i lè wọlé. Ọkọ̀ náà á sì máa mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí agbára tí ó wà nínú lítà ọtí kan kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù. Òtútù tún ń kọ́? Ọtí kì í tètè di oruku bí kò bá sí ooru. Ní gúúsù Bùràsíìlì ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ọkọ̀ ọlọ́tí kì í gbọ́ ìpè ní òwúrọ̀. Wọ́n wá ṣe táǹkì kékeré kan sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí a ń rọ bẹntiróòlù sí, kí a lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì.

Ní ọdún 1979, owó epo tún fò sókè nítorí ìyípadà ìjọba ní Ìráànì. Ní oṣù keje ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Fiat gbé ọkọ̀ ọlọ́tí àkọ́kọ́ tí a ṣe fún títà jáde, Fiat 147. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní “Cachacinha”, bí ìgbà tí a bá sọ ọkọ̀ ní “Ògógóró Kékeré”. Ìjọba ṣe ìlérí pé owó ọtí kò ní ju ìdá 65 nínú 100 ti bẹntiróòlù. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní sáré? Àwọn onítakisí ni wọ́n ṣíwájú. Ìjọba fún àwọn ilé iṣẹ́ kan ní àṣẹ láti máa yí ọkọ̀ padà lọ́nà tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní sùúrù tàbí owó, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n lọ. Àwọn wọ̀nyí á lu ihò kábúrétọ̀ kí ó fẹ̀, wọ́n á gba owó wọn, ó tán. Wọn kò kan táǹkì, wọn kò kan rọ́bà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún àti ọkọ̀ tí kò jí ní òwúrọ̀ gba ìgboro kan, nígbà tí ó sì di ọdún 1981 títà ọkọ̀ ọlọ́tí lọ sílẹ̀ gidigidi.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ni wọ́n gba ètò náà là, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláṣẹ. Wọ́n fi níkẹ̀lì bo inú kábúrétọ̀, wọ́n fi tánganran bo inú táǹkì, wọ́n sì pààrọ̀ irú rọ́bà tí wọ́n ń lò. Ìgbẹ́kẹ̀lé padà. Láàrin ọdún 1983 sí 1988, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun 10 tí a tà ní Bùràsíìlì, bí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń mu ọtí.

Ìkejì ìjákulẹ̀ kò ti ọwọ́ irin wá. Owó epo rọ̀bì wó lulẹ̀ ní ọdún 1986, ṣúgà sì wá lówó lórí ju ọtí lọ. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1989, ilé epo gbẹ. Àwọn tí wọ́n ti gba ìjọba gbọ́ tò sórí ìlà. Ní ọdún 1990 ìjọba ní láti ta àpòpọ̀ kan tí ó ní ẹtánọ̀ọ̀lù ìdá 60, mẹtánọ̀ọ̀lù ìdá 33 àti bẹntiróòlù ìdá 7. Mẹtánọ̀ọ̀lù, tí a gbé gba òkun wá, jẹ́ májèlé fún ènìyàn, ó sì ń jẹ irin ju ọtí ìrèké lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ yí ọkọ̀ wọn padà sí bẹntiróòlù, ìyẹn sì tún jẹ́ ìnáwó mìíràn lórí ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2003 ni Volkswagen mú Gol Total Flex jáde, ọkọ̀ tí ó lè mu ọtí, tí ó lè mu bẹntiróòlù, tí ó sì lè mu àpòpọ̀ méjèèjì, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ mọ ohun tí a rọ sí i. Kò tún sí ìdí láti bẹ̀rù ìlà. Síbẹ̀, táǹkì kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò tíì lọ, ó sì wá di ohun tí a ń gbàgbé. Bẹntiróòlù inú rẹ̀ á pẹ́, á di oje, á sì dí páìpù rẹ̀, títí di òwúrọ̀ òtútù tí a bá wá nílò rẹ̀. Ní ọdún 2009 ni Polo E-Flex dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń mú ọtí gbóná kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú irú èyí ní láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí oṣù kẹfà tó wọlé, kí ó da bẹntiróòlù àtijọ́ nù, kí ó sì rọ tuntun sí i.