Arnold Ridley, Òṣèré àti Òǹkọ̀wé Eré Orí Ìtàgé

Arnold Ridley (1896–1984) jẹ́ òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ọgbẹ́ ogun ló lé e kúrò lórí ìtàgé dé ìdí eré kíkọ. Ìlú Bath ni wọ́n bí i sí, ó sì kàwé ní Yunifásítì Bristol kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ojú ogun Somme, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1916, ó fara pa yánnayànna: ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ba ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́, ìdí ìbọn tí wọ́n là mọ́ ọn lórí sì sọ ọ́ di ẹni tó ń dákú lójijì. Ó dara pọ̀ mọ́ Birmingham Repertory Theatre ní 1918, ìyẹn irú ẹgbẹ́ tí àwọn òṣèré kan náà máa ń ṣe oríṣiríṣi eré tẹ̀ léra wọn, ṣùgbọ́n ara kò gbà á, ó sì padà sílé lọ bá bàbá rẹ̀ ta bàtà.

Ìdádúró tó bá a ní ibùdókọ̀ rélùwéè Mangotsfield, nítòsí Bristol, ló ti rí èrò The Ghost Train, eré nípa àwọn arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ ní ibùdókọ̀ àdádó kan, níbi tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú irin iwin ń kọjá lóru, tó sì já sí pé àwọn onífàyàwọ́ ohun ìjà ló fi ìtàn iwin bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n eré náà ga: òǹwòran kì í rí ọkọ̀ gidi kankan, ẹ̀yìn ìtàgé ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń fọn fèrè, tí wọ́n sì ń yí rólà ọgbà lórí igi, títí ariwo ọkọ̀ yóò fi gba gbogbo ilé. Ní 1925 ni wọ́n gbé e dé St Martin's Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ìgbà 665 tí wọ́n ṣe é. Wọ́n fi ṣe fíìmù léraléra, pẹ̀lú èyí tó jáde ní 1931 àti 1941.

Ridley kọ eré tó ju ọgbọ̀n lọ, àmọ́ kò sí èyí tó tún lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ fíìmù tó dá sílẹ̀ láàrin ọdún 1930 sí 1939 wó, ó sì jẹ gbèsè tó pẹ́ kí ó tó san án tán. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èyí wà lára ohun tó mú un ṣe eré títí dọjọ́ ogbó. Ó tún wọṣẹ́ ológun ní 1939, àìsàn sì dá a padà ní 1940.

Láti 1968 sí 1977 ló fi ṣe Godfrey nínú Dad's Army, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n nípa Home Guard, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Godfrey yìí kọ̀ láti gbé ìbọn nígbà ogun àkọ́kọ́, Ridley tó ṣe é sì gbé e títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Godfrey ló sọ ojú rẹ̀ di mímọ̀ nílé gbogbo, ṣùgbọ́n The Ghost Train ni iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù.