ÀLÙKẸ́MBÙ: OHUN TÍ Ó GBÉ ẸLẸ́ṢIN RÓ, ATI IYE TÍ A SAN FÚN UN

Nínú gbogbo ohun èlò tí a fi ndi ẹṣin ní gàárì, ọ̀kan wà tí ènìà kì í sábà kà sí. Èyíinì ni àlùkẹ́mbù, irin tí ẹlẹ́ṣin nki ẹsẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ati òsì. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá gidigidi.

Ó pẹ́ tí ọmọ aráiyé ti ngun ẹṣin kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án. Àwọn ọmọ-ogun Alẹkisáńdà ará Makedóníà kò ní i. Àwọn ará Róòmù tí nwọ́n jọba lé Jùdíà li ọjọ́ Olúwa wa kò ní i pẹ̀lú. Itan ni nwọ́n fi ndi ẹṣin mú. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, nínú ibojì kan ti ọdún 302, a rí ère amọ̀ ẹlẹ́ṣin tí àlùkẹ́mbù kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ gàárì rẹ̀, èyí tí a fi ngòkè nìkan. Kò pẹ́ lẹ́hìn náà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí so méjì, tí ó sì tàn dé ilẹ̀ Lárúbáwá ati Yúróòpù. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sọ ọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, nítorí inú ọ̀rọ̀ méjì ni stirrup ti jáde: gígòkè ati okùn. Orúkọ tí àwa npè é fi ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa hàn, nítorí inú èdè Lárúbáwá ni àlùkẹ́mbù ti wá, gẹ́gẹ́ bí àlùbọ́sà ati àlùbáríkà.

Ẹni tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mejeji mọ́ àlùkẹ́mbù lè nàró lórí ẹṣin, kí ó ju ọ̀kọ̀, kí ó sì fi idà ṣá ọ̀tá láì ṣubú. Àwọn Ọ̀yọ́ mọ iyì èyí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, lẹ́hìn tí àwọn Tápà ti lé wọn kúrò ní ìlú tí nwọ́n sì tẹ̀dó sí Ìgbòho, Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ jọba. Johnson òpìtàn sì wí pé ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún. Li ọdún 1726 àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì. Nígbà tí ó sì di 1748, Dàhòmì ti gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo li ẹṣin wọ̀nyí ti nwá? Eṣinṣin tí í kó àrùn ran ẹran-ọ̀sìn kò jẹ́ kí ẹṣin bí sí i dáradára ní ilẹ̀ wa. Láti òkè, ní ìhà Tápà ati Háúsá, li a ti nrà wọ́n, ènìà li a sì fi nsan owó wọn nígbà púpọ̀. Ẹṣin li a fi nkó ẹrú, ẹrú li a fi nra ẹṣin.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Li ọdún 1821, nígbà tí ogun kó Òṣogùn, a mú ọmọdékùnrin kan tí njẹ́ Àjàyí lọ sí Ìṣẹ́yìn, a sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ẹni tí ó gba ẹṣin náà wí pé kò tẹ́ òun lọ́rùn; a dá ẹṣin padà, a sì dá ọmọ náà padà. Òun kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tí a fi joyè Bíṣọ́ọ̀bù li ọdún 1864. Ẹ wo bí a ti díyelé e!

Ohun tí a kó jọ báyìí kò dúró pẹ́. Nígbà tí Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ẹrú Háúsá, tí àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ olùtọ́jú ẹṣin, sá kúrò lọ́dọ̀ olúwa wọn lọ bá a. Ìlọrin bọ́ sí ọwọ́ àwọn Fúlàní, ọ̀nà òkè dí mọ́ Ọ̀yọ́, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì di ẹ̀rù fún gbogbo ilẹ̀. Ní nkan bí ọdún 1836 Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Àwọn Ìbàdàn li ó dá ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, ní nkan bí ọdún 1840, létí igbó níbi tí ẹṣin kò ti lè sáré bí ti pápá.

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ li ó mbọ̀. Kì í ṣe àlùkẹ́mbù ni ó já mọ́ Ọ̀yọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí nwọ́n sọ di owó ẹṣin, àwọn ni ilẹ̀ tí ẹṣin náà ntẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yẹ̀, ẹṣin ati ẹlẹ́ṣin jùmọ̀ wó lulẹ̀.