Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Tó Pa Armero

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a bá ti pa òwe yìí, arọ ni gbogbo wa máa ń kọjú sí: ṣé ó gbọ́n àbí kò gbọ́n, ṣé ó tètè gbéra àbí ó jókòó títí ogun fi wọlé. A kì í sábà béèrè ta ló kọ́kọ́ gbúròó ogun náà, bó ṣe sọ ọ́ fún arọ, àti ohun tí arọ yóò jẹ níbi tó bá sá lọ. Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ fi yẹ òwe náà wò, ọ̀rọ̀ òkè ayọnáyèéfín ni n ó sì fi yẹ̀ ẹ́, torí ogun tó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ̀ ni.

Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, àpáta tí ooru ti yọ́ a máa wá ọ̀nà gòkè. Bó ṣe ń fipá la àárín àpáta tútù kọjá, ilẹ̀ a máa mì. Ìmìtìtì náà lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà kò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀rọ a sì kà á. Ara òkè a máa wú. Gáàsì imí-ọjọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a tún máa gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè náà láti wá eérú àti ẹrẹ̀ àtijọ́, torí ibi tí òkè ti bà jẹ́ rí ló ṣeé ṣe jù kó tún padà bà jẹ́. Wọn kò lè fi oṣù mélòó kan ṣáájú dá ọjọ́ tí yóò bú, ṣùgbọ́n wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí kò ṣeé sùn sí mọ́.

Gbogbo èyí ni wọ́n mọ̀ nípa òkè Nevado del Ruiz ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Òkè náà ga ju 5,300 mítà lọ, yìnyín sì bo orí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1984. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ó tu èéfín àti eérú sókè, ẹrẹ̀ sì ya gba àfonífojì kan tó nǹkan bíi kìlómítà 27. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí ewu wà hàn, ìlú Armero sì wà nínú rẹ̀ gedegbe. Kódà, orí ẹrẹ̀ tí òkè náà tú jáde ní ọdún 1845, èyí tó pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn, ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn aago mẹ́ta, eérú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń rọ̀ sórí òrùlé Armero. Rédíò ní kí aráàlú fọkàn balẹ̀, kí wọ́n jókòó sílé. Òjò ń rọ̀, iná mànàmáná lọ. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, òkè bú. Òkúta àti eérú gbígbóná ya bo yìnyín orí rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yìnyín náà péré ló yọ́, ó sì tó. Omi náà ya wọ inú odò, ó ń wú iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti igi bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi ki bíi kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ó rin ìrìn kìlómítà 74 kó tó dé Armero ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀. Nínú nǹkan bí 29,000 èèyàn tó ń gbé ìlú náà, bí 20,000 ló kú.

Ẹ wo àkókò náà dáadáa. Ó lé ní wákàtí méjì láàárín ìgbà tí òkè bú àti ìgbà tí ẹrẹ̀ wọ̀lú. Ilẹ̀ gíga kò jìnnà sí Armero, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yóò débẹ̀. Ta wá ni kò gbọ́n? Àwọn tó kú ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni, wọ́n jókòó sílé. Barry Voight, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó tú ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 1990, kò di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀. Àṣìṣe èèyàn tó ń gorí ara wọn ló rí. Àwọn aláṣẹ ń bẹ̀rù owó tí kíkó èèyàn kúrò nílé yóò ná wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù ìtìjú bí òkè kò bá wá bú. Wọ́n ń dúró de ìdánilójú, bẹ́ẹ̀ òkè kì í fúnni ní ìdánilójú títí yóò fi bú. Lójú tèmi, ìpè ogun wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò fun ún.

Armero dun àwọn onímọ̀ wọra. Ní ọdún 1986, Amẹ́ríkà dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀rọ lọ síbikíbi tí òkè bá ti ń halẹ̀ láyé. Tọkọtaya ará Faransé kan, Maurice àti Katia Krafft, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fíìmù òkè tó ń bú, gbà pé máàpù nìkan kò lè yé gómìnà tàbí àgbẹ̀. Wọ́n wá ṣe fíìmù tó fi ohun tí iná, eérú àti ẹrẹ̀ máa ń ṣe hàn lójú ayé.

Ìgbà tó kan òkè Pinatubo ní Filipínì ni iṣẹ́ yìí so èso. Òkè náà ti sùn fún nǹkan bí 500 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1991. Àwọn onímọ̀ Filipínì àti ikọ̀ Amẹ́ríkà jọ dojú kọ ọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, nǹkan bíi 500 tọ́ọ̀nù gáàsì imí-ọjọ́ ló ń tú jáde lóòjọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ 28, ó ti lé ní 5,000. Wọ́n pín ìkìlọ̀ sí ìpele márùn-ún kó lè yé tolórí tẹlẹ́mù, wọ́n sì gbé fíìmù àwọn Krafft káàkiri fún aláṣẹ àti aráàlú. Àwọn Krafft fúnra wọn kò rí àbájáde rẹ̀. Òkè Unzen ní Jàpáànì pa wọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 12 péré ṣáájú kí Pinatubo tó bú.

Nígbà tó bú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti kúrò lọ́nà rẹ̀. Ìjì ńlá tún jà lọ́jọ́ náà, òjò rin eérú tó wà lórí ilé, òrùlé sì wó pa ọ̀pọ̀ nínú nǹkan bí 300 tó kú. Síbẹ̀, ìṣirò fi hàn pé ó kéré tán, 5,000 èèyàn ni ìkìlọ̀ náà gbà là. Ibi tí mo ti ń banú jẹ́ ni ti àwọn Aeta, àwọn tó ni òkè náà tipẹ́tipẹ́. Wọ́n sá, wọ́n yè, àmọ́ nínú àgọ́ tí wọ́n kó wọn sí, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà pa ọ̀pọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n gbọ́ ìpè, wọ́n tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n sá lọ ni kò gbà wọ́n dáadáa.

Nevado del Ruiz ṣì ń mí títí dòní. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba Kòlóńbíà ní kí nǹkan bíi 2,500 ìdílé kúrò lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ọ̀pọ̀ kò lọ, torí ẹran ọ̀sìn wọn àti oko ọ̀dùnkún wọn. Lọ́tẹ̀ náà, òkè kò bú, n kò sì bá àwọn àgbẹ̀ náà wí. Ìjọba tó bá fẹ́ kí wọ́n tètè gbéra nígbà mìíràn, kó tètè wá ibi tí màlúù wọn yóò ti máa jẹko.